Ojú Àgbékẹ́ àti Ẹ̀rọ Dayọ̀

Ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ kọjá lónìí kò lè mọ ibi tí lábù Ọ̀gá Hezekiah wà mọ́. Wọ́n ti wó o, wọ́n ti fi ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta wíìgì. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1984, nígbà tí gbogbo wa ń tò lórí ìlà nítorí agolo mílíìkì kan, ilé oníyàrá mẹ́rin ni, òórùn oògùn ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí eṣinṣin bà. Gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké láti Mápó títí dé Ọ̀rányàn ló ń kó ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni Àgbékẹ́ ti pàdé ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di òpùrọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àgbékẹ́ jẹ́ ọmọ Ọ̀jẹ̀wálé ní Bẹyẹrunka, ó sì ń lọ sí ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ẹ̀jẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, Àgbékẹ́ yóò kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò rẹ ẹ́ ní aró, yóò sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Yóò wá máa ka àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí iye wọn ló ń sọ fún dókítà irú àìsàn tó wà lára. Bí ojú rẹ̀ ti ń kà ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ ìkànǹkan kékeré kan, tíkí, tíkí, tíkí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Hezekiah, ẹni tí ìyìn ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí òjò oṣù Ọ̀pẹ, a máa sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó lè tan ojú ọmọ yìí jẹ.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ẹ̀rọ kan dé láti Èkó nínú àpótí pákó. Ó tó firíìjì kékeré. Bí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu, a fà á mu, a kùn díẹ̀, a sì pọ bébà jáde tí gbogbo iye sẹ́ẹ̀lì ti wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí Àgbékẹ́ ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe, ìṣẹ́jú kan ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá a wá, Olúdayọ̀ lórúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà ní Ọ̀rányàn, tó ti lo ọdún kan ní Èkó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ni Dayọ̀ wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Àga mi lẹ wá gbà."

Dayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àga náà dáadáa. "Èyí tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí? Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ẹ máa jókòó yín lọ."

Àgbékẹ́ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde.

Ọ̀gá Hezekiah kì í ṣe ẹni tí ń gba àlejò láìwo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pàṣẹ pé fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ bá kà, Àgbékẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ojú kà á. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ rí ti ẹnìkejì. Kóówá yóò fi tirẹ̀ sínú àpòòwé, bó bá sì di ọjọ́ Ẹtì, òun fúnra òun yóò tú méjèèjì wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Agodi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ni lábù náà, yóò wá ṣe ìpinnu. Bí iye méjèèjì bá ń bára mu, ẹ̀rọ dúró, wọn óò ti tábìlì tí wọ́n ti ń fi ojú ka ẹ̀jẹ̀, ìdí ẹ̀rọ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa kọ́ṣẹ́. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ̀rọ yóò padà sí Èkó.

Rachel ló ń gbé àwọn àpòòwé náà fún Ọ̀gá. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ìjọ kan náà ni òun àti ìyá Dayọ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Àgbékẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àǹtí Rachel, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ dá?"

"Èmi kọ́ ni mo dá a. Wọ́n ní nǹkan rẹ wà nínú àpòòwé yìí. Tètè mú un kí n lè dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá."

Bébà kékeré kan ni, wọ́n ká a mọ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: *Ẹ̀rọ mi kò mọ ẹ̀rín kà. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ rẹ́rìn-ín lónìí?*

Àgbékẹ́ kọ èsì sẹ́yìn rẹ̀, ó fi rán Rachel: *Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin ni mo fi rín lẹ́ẹ̀kan.*

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe rí ọ̀nà gbà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Rachel a yà sọ́dọ̀ Àgbékẹ́, Àgbékẹ́ a mú lẹ́tà tirẹ̀, a sì yí ojú kúrò lára nọ́ńbà ẹ̀rọ bí ẹni tó bá wọn lórí oúnjẹ tí kò fẹ́ mọ iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀. Ó mọ̀ pé òfin Ọ̀gá ni àwọn ń tẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òfin nígbà tí wọ́n bá kọ̀wé sí i pé ọwọ́ rẹ̀ dára lórí gíláàsì?

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọn a gun òkè Mápó, wọn a jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọn a máa bó ẹ̀pà sísè jẹ. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ìgbà yẹn tutù, tàbí bóyá àwa la ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

"Dayọ̀, bí ẹ̀rọ yìí bá yege, níbo ni kí n gbé ojú mi lọ?"

"Gbé e wá sílé mi."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o ń fẹ́ mi."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn ni?"

Àgbékẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń họ ọ́ nínú. Bí ọkùnrin yìí bá ṣàṣeyọrí, òun yóò pàdánù iṣẹ́ tó fi di ẹni tí wọ́n ń kà sí. Bó bá kùnà, Èkó ni yóò padà sí. Kò mọ èyí tí òun ì bá gbàdúrà fún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹjọ, Rachel wọ aṣọ tó dára, ó lọ ṣe alárinà ní Bẹyẹrunka. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ahunṣọ ni bàbá náà. Láyé ìjelòó, kò sí ìyàwó ọ̀ṣìngín tí kì í fẹ́ wọ òfì tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Nígbà tí aṣọ tí ẹ̀rọ hun wá kún Gbági, tí wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, adìẹ ló ń yé sábẹ́ òfì rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyáàfin Rachel, ẹ kú wàhálà," ni bàbá wí. "Ti pé wọ́n ń jó pẹ̀lú aṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èmi ń bọ òrìṣà bàbá mi, ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́. Kóówá ló mọ ọ̀nà tó gbà délé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ṣé òun náà ló tún fẹ́ gba ọmọ? Kí ó mú ọ̀kan, kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi."

Àgbékẹ́ gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kò rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó lè pè ní irọ́. Ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì kẹwàá, ẹ̀rọ ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà tí Rachel mú wá lọ́jọ́ náà kò ní àwàdà nínú: *Àgbékẹ́, Ọ̀gá ti bá mi sọ̀rọ̀. Bí a bá tún yàtọ̀ síra lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní dúró de àwọn ará Agodi mọ́, yóò dá ẹ̀rọ padà, èmi náà yóò sì bá a lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ràn rẹ.*

Lọ́jọ́ yẹn, ojú Àgbékẹ́ kò yà. Ó wo nọ́ńbà ẹ̀rọ.

Ó rí ọmọbìnrin ọdún méje kan níbẹ̀, Sìkírátù, ọmọ Yẹ̀kínì tó ń rán bàtà ní Ọ̀rányàn. Ẹ̀rọ ní sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni Àgbékẹ́ kọ, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀. Àrùn arunmọléegun, fòníkú-fọ̀ladìde, ni wọ́n bí mọ́ ọmọ náà. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tú sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó jáde, tí kóró inú wọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè dá wọn mọ̀; gbogbo ohun tó bá ti ní kóró, funfun ló ń kà á sí. Ojú Àgbékẹ́ dá wọn mọ̀ kíá, ó sì ti yọ wọ́n kúrò.

Ó di bírò mú. Rachel ń mi ẹsẹ̀. "Àgbékẹ́, Ọ̀gá ń dúró o."

Àgbékẹ́ rò ó pé nọ́ńbà kan péré ni. Ó rò ó pé dókítà yóò ṣáà wo ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó rí Dayọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ tó ń gun ọkọ̀ Èkó ní ìdíkọ̀, tí kò bojú wẹ̀yìn. Ó mú bébà mìíràn, ó da tirẹ̀ kọ, nígbà tó sì dé orí Sìkírátù, ó kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ọ̀gá Hezekiah jáde, ó gbá Dayọ̀ léjìká. Gbogbo iye ló bára mu.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Àgbékẹ́ bá Yẹ̀kínì lẹ́nu ọ̀nà lábù. Awọ pupa kékeré méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gé wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọdé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Dókítà ní ó jọ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn líle kan fún un." Ọkùnrin náà na awọ náà sí i. "Bàtà Iléyá rẹ̀ ni mo gé yìí. Ẹ̀yin lẹ rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mà. Ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé kí n ṣì rán an?"

Àgbékẹ́ yí padà wọ inú lábù. Kò mọ bó ṣe dé iwájú Ọ̀gá Hezekiah, ó kàn bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ni.

"Ọ̀gá, méjìlá ni mo kà. Mo ṣí bébà ẹ̀rọ wò, mo wá kọ ohun tó kọ."

"Ẹ̀rọ ló ṣì ọ́ lọ́nà?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rọ kò purọ́, ohun tó mọ̀ ló sọ. Èmi tí mo mọ òótọ́ ni mo purọ́."

Ọ̀gá kò pariwo. Ó mú fìlà rẹ̀, ó mú gíláàsì ẹ̀jẹ̀ Sìkírátù, ó ní kí Àgbékẹ́ dìde, àwọn méjèèjì sì fẹsẹ̀ rìn lọ bá dókítà. Wọn kò tíì fún ọmọ náà ní oògùn kankan, a dúpẹ́. Ọ̀gá ní ẹnu tó purọ́ náà ni yóò tú u. Àgbékẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ fún Yẹ̀kínì. Ọkùnrin náà fi awọ bàtà bo ojú, ó sunkún, ó sì ń ṣe alihamudulilai. Kò bú Àgbékẹ́. Ó wu Àgbékẹ́ kó bú òun.

Ọ̀gá gba àṣẹ tí Àgbékẹ́ fi ń buwọ́ lu èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan, ó ní kí ó lọ máa fọ gíláàsì. Dayọ̀ náà kò lọ láìjìyà, nítorí lẹ́tà tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí àpòòwé náà. Ọ̀gá kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún àwọn ará Agodi. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ yóò dúró, tábìlì náà yóò dúró, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ fi oṣù márùn-ún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ka ẹ̀jẹ̀. Dayọ̀ ló fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Dayọ̀ bá Àgbékẹ́ níbi táàpù.

"Nítorí mi lo ṣe é?"

"Nítorí rẹ ni."

"Ìwọ lo mọ ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣì í. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yìí, ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn, kí n lè mọ̀ ọ́n, kí n lè ṣọ́ ọ. O rí i, o bò ó mọ́ mi lójú. Ọmọ yẹn ì bá kú sí mi lọ́rùn, Àgbékẹ́, n ò sì ní mọ̀."

"Mo rò pé wàá lọ ni."

"Ǹ bá lọ, ǹ bá sì padà wá. Ní báyìí, bí o bá sọ fún mi pé ọbẹ̀ tí mo sè dùn, báwo ni n óò ṣe gbà ọ́ gbọ́?"

Ó kọjá lọ. Nígbà tí Àgbékẹ́ délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọ́n ti gba àṣẹ òun. Bàbá kò bi í léèrè ìdí. Ó mi orí, ó ní: "Mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ." Àgbékẹ́ yẹ kó ṣàlàyé fún un. Ìtìjú di í lẹ́nu.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Dayọ̀ ń jókòó sídìí maikirosíkóòpù láràárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀, Àgbékẹ́ ń fọ gíláàsì ní ìgbọ̀nwọ́ márùn-ún sí i, kò sì sí ohun tó ń kọjá láàárín wọn ju "ẹ káàárọ̀" lọ. "Ẹ" ti padà dé. Rachel bẹ Dayọ̀ títí, Dayọ̀ ní òun kò bínú, ó ní ẹ̀rù irọ́ mìíràn ló ń ba òun. Àgbékẹ́ ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń rántí àtẹ̀gùn Mápó bí ẹni pé àwọn ẹlòmíràn ló jókòó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, Dayọ̀ gbé gíláàsì kan wá bá a.

"Ẹ bá mi wo èyí."

"Mi ò láṣẹ láti buwọ́ lù ú."

"Ẹ wò ó ni mo wí, n ò ní kí ẹ buwọ́ lù ú. Mẹ́rìnlá ni mo kà. Ọ̀gá ń dúró dè é báyìí. Òun ló kẹ́yìn nínú ìdánwò oṣù márùn-ún mi, bí mo bá gbà á, ó parí."

Àgbékẹ́ nu ọwọ́, ó jókòó. Ó ti pẹ́ tí kò ti fojú kan ibẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ sọ, ó sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

"Mẹ́sàn-án ni," ni ó wí. "Ẹ ti kùnà. Ẹ ka ìdọ̀tí aró mọ́ ọn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká Dayọ̀, ó gun ojú rẹ̀, omi sì lé ròrò lójú náà. "Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá ní mo gbà á."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Àgbékẹ́ wí, ó sì sunkún sórí maikirosíkóòpù ìjọba.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde ni Dayọ̀, ìyá rẹ̀ àti Rachel dé Bẹyẹrunka. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé wà lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé. Ó dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n jókòó. Àgbékẹ́ dúró sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ ni ẹ̀rọ rẹ gba iṣẹ́ ọmọ mi," ni bàbá wí. "Kí lo tún gbàgbé síbí?"

Dayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Bàbá, ẹ̀rọ kọ́ ló gbà á. Ìfẹ́ èmi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìdìde: lẹ́tà, àpòòwé, ọmọ Yẹ̀kínì, gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fà á láṣọ pé kó dákẹ́, kò gbọ́. Rachel gbé ọwọ́ lérí.

"Àgbékẹ́!" ni bàbá pè.

Ó jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O mọ òótọ́, o kọ irọ́ sílẹ̀? Nítorí eléyìí?"

"Nítorí rẹ̀ ni."

Bàbá yíjú sí Dayọ̀. "Bó bá tún fẹ́ purọ́ nítorí rẹ lọ́la ńkọ́?"

"Màá kọ̀ ọ́ fún un, sà. Mo kọ̀ ọ́ fún un fún oṣù márùn-ún. Ó dùn mí dé eegun, ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́."

Bàbá wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síwájú.

"Àgbékẹ́, kí lo wá kúnlẹ̀ sí níbẹ̀ yẹn? O ò lọ bu omi wá fún àna mi?"

Àgbékẹ́ fò dìde. Ó sáré wọlé, ó gbá àga ṣubú, ó mú kọ́ọ̀bù, ó sáré jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Dayọ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Dayọ̀ gbà á. Ó wo inú rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó.

"Àgbékẹ́," ni ó wí, "kò sí omi níbẹ̀."

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.